Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ̀ǹda Ara Yín Gẹ́gẹ́ Bí Olùdámọ̀ràn Òfin Ìlera fún Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Ìlera

Ìbéèrè kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kò yé bi wá, tí àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti apòògùn tí wọ́n tún lọ kàwé nípa òfin náà sì ń bi wá: "Mo fẹ́ máa gba ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa nímọ̀ràn lórí òfin ìlera láìgba owó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Orí Nàìjíríà ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé, nítorí pé òfin orílẹ̀-èdè kan kì í ṣiṣẹ́ ní òmíràn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ máa gbà nímọ̀ràn. Ṣé ẹgbẹ́ ni, àbí ọmọ ẹgbẹ́? Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fi ẹ̀sùn kan alága, tàbí tí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá ń ti ẹ̀bi síra wọn lórí aláìsàn tó kú, ẹni tí kò tíì dáhùn ìbéèrè yìí yóò rí i pé òun ti gbọ́ àṣírí tọ̀tún tòsì, kò sì ní lè ran ẹnì kankan lọ́wọ́ mọ́.

Ta ló lè ṣe iṣẹ́ yìí?

Agbẹjọ́rò tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, tí ó sì ń san owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún kí oṣù kẹta tó parí, lè gbani nímọ̀ràn, ó lè kọ lẹ́tà lórúkọ ẹgbẹ́, ó sì lè dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ níwájú ìgbìmọ̀ tàbí ilé ẹjọ́.

Oníṣẹ́ ìlera tó kàwé nípa òfin ìlera, àní títí dé oyè kejì ní yunifásítì, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, wúlò púpọ̀ pẹ̀lú. Ó lè ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó lè ṣàlàyé òfin fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí agbẹjọ́rò tí kò tíì sun oorun wọ́ọ̀dù rí kò lè gbà ṣàlàyé rẹ̀, ó sì lè tún fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn kọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní agbẹjọ́rò tàbí kí ó máa ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ Legal Practitioners Act, òfin tó de iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: Evidence Act ti ọdún 2011, ìyẹn òfin ẹ̀rí, dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n ààbò yẹn kò kan ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá bá olùdámọ̀ràn tí kì í ṣe agbẹjọ́rò sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wá bá yín mọ èyí kí ó tó la ẹnu.

Ìkìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba: Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láyè láti máa bójú tó òwò tàbí iṣẹ́ àdáni mìíràn, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ má sọ pé nítorí pé ẹ kò gba owó, kò kan yín. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, kí ó sì wà lórí ìwé.

Àwọn òfin tó yẹ kí ẹ ní lọ́wọ́

Ẹ kò nílò láti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ẹ ṣáà ní ẹ̀dà wọn níbi tí ọwọ́ yín yóò ti tètè tó o, kí ẹ sì ti ka ọ̀kọ̀ọ̀kan tán lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán.

- National Health Act ti ọdún 2014. Òun ni ìpìlẹ̀. Abala 20 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún aláìsàn. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Abala 23 sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún aláìsàn. Abala 26 dá lórí àṣírí aláìsàn.
- Compulsory Treatment and Care for Victims of Gunshot Act ti ọdún 2017, òfin ìtọ́jú ẹni tí ọta ìbọn bà.
- Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ni. Bí àkọsílẹ̀ aláìsàn bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 péré ni ilé ìwòsàn ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó òfin náà létí.
- Òfin ọdún 2014 tó lòdì sí yíya àwọn tó ní kòkòrò HIV sọ́tọ̀, National Health Insurance Authority Act ti ọdún 2022 lórí adójútòfò ìlera, àti òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023.
- Òfin tó dá ìgbìmọ̀ aláṣẹ iṣẹ́ náà sílẹ̀: MDCN fún dókítà, NMCN fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, PCN fún apòògùn, tí òfin tuntun rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Ẹ fi ìwé ìlànà ìwà ọmọlúwàbí iṣẹ́ náà kún un.
- Ìwé òfin ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló sọ ẹni tó lágbára láti gbà yín sí iṣẹ́.

Òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní Èkó, àjọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HEFAMAA ló ń yẹ ilé ìwòsàn wò tó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ; ẹ wádìí ẹni tó ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ yín.

Bí ẹjọ́ kan ṣoṣo bá wà tí ó yẹ kí ẹ kà láti òkè dé ilẹ̀, èyí tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ní ọdún 2001 láàrin ìgbìmọ̀ olùbáwí àwọn dókítà àti Dókítà Okonkwo ni. Aláìsàn kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, dókítà bọ̀wọ̀ fún ìpinnu rẹ̀, aláìsàn náà sì kú. Ìgbìmọ̀ dá dókítà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù 6, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ fagi lé e, ó ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú. Ó dájú pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò bi yín nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀

1. Ẹ wádìí irú ẹgbẹ́ tó jẹ́. NANNM, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, jẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́; nítorí náà ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, owó oṣù àti Ilé Ẹjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ yóò wà lára ohun tí wọn yóò máa bi yín. PSN, ẹgbẹ́ àwọn apòògùn, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, ayẹ̀wò ilé ìtajà oògùn àti ìwà ọmọlúwàbí ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀.

2. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹ má gba ọ̀dọ̀ alága wọlé nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n rí. Bí alága bá yí padà, àwọn tó bá tẹ̀lé e yóò rò pé ènìyàn tirẹ̀ ni yín. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ìwé tí ẹ kà, wákàtí tí ẹ lè fi sílẹ̀ lóṣù, àti ohun tí ẹ kò lè ṣe.

3. Ẹ bá ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe jókòó. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹgbẹ́ ti ní agbẹjọ́rò tó ń gba owó, nítorí pé ìwà àbùkù ni kí ẹ ja iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín. Ẹ béèrè irú ẹjọ́ tó ti dé bá wọn, ẹni tí yóò máa gba ìròyìn yín, àti bóyá ọmọ ẹgbẹ́ lè pè yín tààrà tàbí kí ó gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé.

4. Ẹ kọ ìwé àdéhùn. Mo sọ ọ́ ní kíkún nísàlẹ̀.

5. Ẹ ṣètò ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nọ́ńbà fóònù tó yàtọ̀ sí ti ilé, àdírẹ́sì ímeèlì kan, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ óò máa tì pa. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ìbéèrè, ìmọ̀ràn tí ẹ fún un, àti òfin tí ẹ gbé e lé.

6. Ẹ fi iṣẹ́ kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí èyí tó dára ju fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí aláìsàn lọ. Abala 23 National Health Act sọ pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, ní ìwọ̀n ìmọ̀ ìwé tó ní. Síbẹ̀ ẹ óò rí obìnrin tí ìrọbí mú, tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, tí wọ́n na ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ sí, tí wọ́n sì gbá àtàǹpàkò rẹ̀ mú tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìka wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda kò sí. Ẹ bá wọn kọ èyí tí nọ́ọ̀sì lè kà sókè: "Dókítà ti ṣàlàyé fún mi ní èdè Yorùbá pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ náà jáde. Ó ti sọ ìdí rẹ̀, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí mo bá kọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀." Kí ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fọwọ́ sí i, kí ó sì kọ aago.

7. Ẹ máa jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Irú ìbéèrè tó wọlé àti iye rẹ̀ ni kí ẹ sọ. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn

Ojú ìwé kan tó. Ẹ lè lo irú gbólóhùn yìí: "Ẹ̀ka ẹgbẹ́ ni oníbàárà mi. Mo lè fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ lórí òfin, ṣùgbọ́n mi ò di agbẹjọ́rò rẹ̀ títí èmi àti òun yóò fi kọ ìwé àdéhùn mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ bá tako ti ẹgbẹ́, tàbí ti ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, n óò sọ fún un lójú ẹsẹ̀ kí ó wá agbẹjọ́rò tirẹ̀."

Ẹ fi àwọn wọ̀nyí kún un:

- iye wákàtí lóṣù, àti ẹni tí wọn yóò pè bí ẹ kò bá sí nílé;
- ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, owó ìwé títẹ̀ àti owó ilé ẹjọ́;
- pé àṣírí ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe, bí wọ́n tilẹ̀ béèrè rẹ̀;
- bóyá ẹgbẹ́ ní adójútòfò tó bo iṣẹ́ yín, nítorí pé ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ tó bá ṣi ènìyàn lọ́nà lè mú kí wọ́n pè yín lẹ́jọ́;
- bí ẹ̀yin tàbí ẹgbẹ́ yóò ṣe fòpin sí i.

Àpẹẹrẹ kan: ìpè alẹ́

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan pè yín. Wọ́n gbé ọkùnrin kan tí ọta ìbọn bà ní itan wọlé. Olówó ilé ìwòsàn ti sọ lórí fóònù pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ìwé ọlọ́pàá yóò fi dé. Ọlọ́pàá méjì sì ti dé, ṣùgbọ́n fáìlì aláìsàn ni wọ́n ń béèrè.

1. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, aago wo ló bẹ̀rẹ̀, àti dókítà wo ló wà nílé. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.
2. Ẹ sọ fún un pé òfin ọdún 2017 ní kí gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gba ẹni tí ọta ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá ìbáà wà tàbí kó má sí, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì san owó ìdógò. Kí ó sọ èyí fún dókítà, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì pé òun sọ ọ́, pẹ̀lú aago. Ìlà yẹn ni yóò gbèjà rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la.
3. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ jù létí láàrin wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá tó dúró ní ẹnu ọ̀nà kò sọ pé a ti ṣe é. Kí wọ́n kọ orúkọ, ipò àti àgọ́ àwọn tó wá sílẹ̀, kí wọ́n sì pe àgọ́ náà.
4. Fífi ìṣẹ̀lẹ̀ tóni létí yàtọ̀ sí yíyọ fáìlì lé ni lọ́wọ́. Abala 26 National Health Act fàyè sílẹ̀ bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i lórí ìwé, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pa á láṣẹ, tàbí bí àìsọ ọ́ bá lè ṣe ìlera ará ìlú ní ìjàm̀bá ńlá. Ẹ bá nọ́ọ̀sì ṣètò ohun tí yóò sọ: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. A ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó àgọ́ yín létí. Òfin ló de fáìlì aláìsàn. Bí ẹ bá mú àṣẹ ilé ẹjọ́ wá, dókítà àgbà yóò fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀." Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ó fi sọ ọ́.
5. Ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ pe aláìsàn náà fún ìwádìí títí ọ̀gá àgbà oníṣègùn yóò fi jẹ́rìí sí i pé ara rẹ̀ ti gbà á.
6. Nígbà tí ẹ bá sọ fóònù kalẹ̀, ẹ fi ìmọ̀ràn náà ránṣẹ́ sí i ní gbólóhùn mélòó kan, láìdárúkọ aláìsàn.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ tó pè yín ni ẹ ń gbà nímọ̀ràn. Bí olówó ilé ìwòsàn bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ní kí ẹ bá òun wá ọ̀nà àbáyọ, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ kì í ṣe agbẹjọ́rò òun, kí ó pe tirẹ̀.

Nígbà tí ìwé ẹ̀sùn bá dé

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jù. Ti dókítà, ìgbìmọ̀ olùwádìí MDCN ni ẹ̀sùn máa ń kọ́kọ́ dé; bí wọ́n bá rí i pé ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó di ti ìgbìmọ̀ olùbáwí. Ẹni tí ìdájọ́ ìgbìmọ̀ olùbáwí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 28 láti ìgbà tí ìwé ìdájọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn iṣẹ́ yòókù ní ìlànà tiwọn. Ẹ yẹ òfin wọn wò kí ẹ tó sọ iye ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò sọ fún un ni pé kí ó má fọwọ́ kan fáìlì aláìsàn náà. Mo fẹ́ dúró lórí èyí. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà yóò fẹ́ lọ fi ìlà kan kún un, bóyá ìwọ̀n ìfúnpá tí kò kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Yíǹkì báírò rẹ̀ yóò yàtọ̀, lẹ́tà rẹ̀ yóò fún mọ́ àárín ìlà méjì tó ti wà níbẹ̀, aago tó kọ kò sì ní bá ti ìwé oògùn mu. Ẹjọ́ tí ì bá ṣe ti àìkíyèsára yóò wá di ti irọ́, èyí sì burú jù ú lọ. Bí ohun kan bá ṣẹ́kù tó yẹ kí a kọ, kí ó kọ ọ́ sí ojú ewé tuntun, kí ó kọ ọjọ́ òní àti aago òní sí i, kí ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni òun kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí:

- kí ó kọ ọjọ́ tí ìwé náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé;
- kí ó ya ẹ̀dà ohun gbogbo tó lẹ́tọ̀ọ́ sí;
- kí ó má fi owó ránṣẹ́ sí ẹbí aláìsàn, kí ó má sì kọ ohunkóhun sí wọn kí agbẹjọ́rò rẹ̀ tó rí i; bíbá wọn kẹ́dùn kò burú, ìwé tó dà bí ìjẹ́wọ́ ni ewu wà nínú rẹ̀;
- kí ó sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, bí ó bá ní;
- kí ó gba agbẹjọ́rò tirẹ̀, pàápàá bí ẹ̀sùn náà bá kan ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ni wọ́n pe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba sí, ẹ tètè wo ọjọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà wáyé. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sábà máa ń béèrè pé kí ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ pè é láàrin oṣù 3, ṣùgbọ́n kò kan ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Aláìsàn pẹ̀lú lè gba ọ̀nà mìíràn: láti ọdún 2018 ni àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ti gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ẹ̀sùn sì lè ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Dídáhùn ìbéèrè lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ló burú jù. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò kọ ọ́ pé, "Aláìsàn kan ní wọ́ọ̀dù wa láàná…", ẹni mìíràn yóò dárúkọ wọ́ọ̀dù, kí ẹ tó mọ̀, ẹnìkan ti ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ kọ gbólóhùn kan tí ẹ óò máa lẹ̀ síbẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìbéèrè yìí rẹ́, kí ẹ pe nọ́ńbà ìmọ̀ràn."

Àwọn kan máa ń ṣèlérí àbájáde nítorí àánú. Ẹ sọ ohun tí òfin wí àti ibi tí ó kù sí, ẹ má sọ pé "kò ní sí nǹkan." Àwọn mìíràn máa ń dáhùn ìbéèrè ìṣègùn bíi pé ìbéèrè òfin ni, tí wọ́n sì ń sọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ. Ẹ dá irú èyí padà fún ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún lẹ́tà ìdẹ́rùbà. Alága lè ní kí ẹ bá ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí oníròyìn tàbí sí ẹbí aláìsàn láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Aláìsàn tó fi ẹ̀sùn kàn ń lo ẹ̀tọ́ rẹ̀, oníṣẹ́ ìlera rere kò sì ní ìdí láti bẹ̀rù ìwádìí tó tọ́.

Bí àyè kò bá gbà yín tó bẹ́ẹ̀

Ẹ lè ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dún níbi ìpàdé gbogbogbò. Ẹ lè kọ ìwé ojú ewé méjì ní Yorùbá lórí àṣírí aláìsàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé, níbi tí agbẹjọ́rò kì í dé. Ẹ lè dara pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àbá òfin wò. Bí ó bá jẹ́ aláìní lọ́kàn yín wà fún ju ẹgbẹ́ lọ, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní ìrànlọ́wọ́ òfin, ń gba agbẹjọ́rò tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Mo ti ka ìwé òfin ẹgbẹ́.
- Ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó sọ ẹni tó jẹ́ oníbàárà mi.
- Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti yọ̀ǹda lórí ìwé.
- Mo ní orúkọ agbẹjọ́rò mẹ́ta ó kéré tán tí mo lè darí ọmọ ẹgbẹ́ sí.
- Ìwé àkọsílẹ̀ mi wà níbi tí a ń tì pa.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀

Ẹ fún ẹgbẹ́ ní oṣù kan, ó kéré tán, kí wọ́n fi wá ẹlòmíràn. Ẹ pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ìdáhùn tàbí ẹjọ́ rẹ̀ bọ́ sí fún un, kí ẹ sì tún fi ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí i lórí ìwé. Ìwé tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ni kí ẹ dá padà fún akọ̀wé. Èyí tó jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi í lé, nínú àpò ìwé tí ẹ lẹ̀ pa.